Ọkọ̀ Kékeré, Iṣẹ́ Ogun: Àtúnyẹ̀wò Ìtàn Àwọn Tọ́ọ̀gì Nigerian Marine

Akẹgbẹ́ wa kan kọ̀wé láìpẹ́ yìí pé kò sí ohun tó ń jẹ́ ìtàn ọmọ ogun ojú omi ní Nàìjíríà ṣáájú oṣù kẹfà ọdún 1956. Àwọn tọ́ọ̀gì àti ọkọ̀ kéékèèké tí ìjọba amúnisìn ń lò ṣáájú ìgbà náà, ó ní alágbàṣe èbúté lásán ni wọ́n, àti pé ọkọ̀ tí a kò kàn fún ogun kò lè ní ìtàn ogun. Ti 1956 yẹn, a lè jọ jókòó sọ ọ́. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn gan-an ló gbé mi dìde. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń bèèrè ohun tó kan ará Ìdóàní nínú ọ̀rọ̀ òkun, kó ní sùúrù, a ó débẹ̀.

Mi ò ní fi ojú ewé ṣòfò lórí ohun tí tọ́ọ̀gì jẹ́. Ẹni tó bá ti dúró ní Apapa rí, tó rí i bí ọkọ̀ kékeré kan ṣe ń wọ́ òmìrán wọ èbúté, ó ti mọ̀ ọ́n. Ohun tó yẹ ká rántí ni pé iyanrìn ẹnu ọ̀sà Èkó kì í jẹ́ kí ọkọ̀ òkun ńlá wọlé nígbà náà. Forcados ni wọ́n ń dúró sí, tí ọkọ̀ kéékèèké á wá kó ẹrù wọn lọ sí Èkó. Ní 1907 ni wọ́n gbé ọkọ̀ agbẹ́yanrìn Egerton dé láti máa gbẹ́ yanrìn náà, lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ògiri òkúta sínú òkun. Nígbà tí wọ́n so Gúúsù àti Àríwá pọ̀ ní 1914, ẹ̀ka ọkọ̀ ìjọba méjèèjì di Nigerian Marine.

Ibi tí akẹgbẹ́ mi ti ṣìnà nìyí: kò ya iṣẹ́ tí a kan ọkọ̀ fún sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ tí ọkọ̀ ṣe. Ọ̀tọ̀ ni ìwé tí ẹni tó kan ọkọ̀ fọwọ́ sí, ọ̀tọ̀ sì ni ìwé tí ọ̀gá ọkọ̀ ń kọ lójoojúmọ́. Ẹni tó fi àdá oko jagun, ogun ló jà. A kì í lọ bi alágbẹ̀dẹ léèrè kí a tó kà á mọ́ àwọn tó lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo Amẹ́ríkà. Ní 1904 ni wọ́n kan tọ́ọ̀gì kan tó ń jẹ́ Conestoga, fún ilé iṣẹ́ rélùwéè tó fẹ́ máa fi fa ọkọ̀ èédú. Ìjọba rà á fún ọmọ ogun ojú omi ní 1917. Ní oṣù kẹta ọdún 1921, ó kúrò ní San Francisco pẹ̀lú ènìyàn 56, kò sì dé ibi tó ń lọ. Ọdún 2016 ni wọ́n tó kéde pé àwókù tí wọ́n rí nísàlẹ̀ omi nítòsí erékùṣù Farallon, òun ni. Ta ló máa dúró níwájú ìdílé àwọn 56 yẹn kó sọ pé ọkọ̀ èédú ni bàbá wọn bá rì? Ẹ wá yí i padà. Àwọn tọ́ọ̀gì tí Gẹ̀ẹ́sì fún ní orúkọ àwọn ẹni mímọ́, ogun gan-an ni wọ́n torí ẹ̀ kàn wọ́n, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kò parí títí Ogun Àgbáyé Kìíní fi tán ní 1918, ọ̀pọ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ oníṣòwò. Bí a bá tẹ̀ lé òfin akẹgbẹ́ mi, àwọn wọ̀nyí ló ní ìtàn ogun, Conestoga kò ní. Òfin tó bá bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ó yẹ ká yẹ̀ ẹ́ wò.

Wọ́n lè sọ pé Amẹ́ríkà ra tirẹ̀, pé yíyá ni wọ́n kàn yá ti Nàìjíríà. Èmi gbà pé àṣẹ ló yẹ ká wò: ta ló ń pàṣẹ fún ọkọ̀ náà ní ọjọ́ tí à ń sọ? Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1914, Kápúténì Cyril Fuller ló ń pàṣẹ, láti orí ọkọ̀ ogun Cumberland, nígbà tí wọ́n fẹ́ gba Douala, ní Kamẹrúùnù, lọ́wọ́ àwọn Jámánì. Cumberland tóbi ju omi odò Wouri, tó gba Douala kọjá, lọ, àwọn Jámánì sì ti ri ọkọ̀ mélòó kan sójú ọ̀nà, wọ́n ti ri àdó olóró mọ́ ọn. Àwọn ọkọ̀ Nigerian Marine ló lè rìn níbẹ̀: Remus, Porpoise, Walrus, àti Ivy, orúkọ tí ará Benin kò lè gbàgbé, nítorí orí Ivy ni wọ́n ti gbé Ọba Ọvọnramwẹn lọ sí Calabar ní 1897. Wọ́n wọn jíjìn omi, wọ́n ṣa àdó olóró, wọ́n la ọ̀nà fún ọkọ̀ ogun Challenger, wọ́n kó ọmọ ogun lọ sí etí odò. Iṣẹ́ náà kì í ṣe eré. Ní òru ọjọ́ 16 oṣù náà, Nachtigal ti àwọn Jámánì forí sọ Dwarf, ọkọ̀ ogun kékeré tó jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, kó tó di pé òun fúnra rẹ̀ gbiná. Ní ọjọ́ 27, Douala túúbá.

Mole wá ni ọkọ̀ tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Ọkọ̀ tó ń gbẹ́ yanrìn ni, kò tilẹ̀ níyì tó tọ́ọ̀gì. Wọ́n gbé ìbọn ńlá oníwọ̀n íǹṣì 6 lé e lórí, wọ́n sì ní kó gun odò Wouri lọ bá àwọn Jámánì jà ní Yabassi. Ìkọlù àkọ́kọ́, ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá, forí ṣánpọ́n. Ní ọjọ́ 14, ìlú náà bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Lóòótọ́, wọ́n yọ ìbọn náà kúrò nígbà tó yá. Wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ogun pẹ̀lú nígbà tí ogun parí, a kò sì tìtorí ìyẹn pa orúkọ wọn rẹ́.

Mi ò sọ pé ẹjọ́ ti parí. Ohun tí ẹ̀rí jẹ́ kí a sọ kò ju pé ó jọ pé àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí yẹ ní ìtàn ọmọ ogun ojú omi, àti pé ọdún 1956 lè jẹ́ ọdún ìpínyà dípò ọdún ìbẹ̀rẹ̀. Ṣebí inú ilé Marine kan náà ni wọ́n ti pín ogún: àwọn aláṣẹ èbúté gba tiwọn ní 1955, àwọn ológun gba tiwọn lọ́dún kejì. Ẹni tó bá wo Mole pẹ̀lú ìbọn lórí, tó tún ní alágbàṣe ni, ó láyà jù mí lọ.

Ibi tí ìwádìí mi ń lọ báyìí ni ọ̀dọ̀ àwọn tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀, àwọn tó ń kó èédú sínú iná, tí ìwé àwọn ọ̀gá kì í sábà dárúkọ. Ibi tó ti kan ará Ìdóàní nìyí: odò Ọ̀sẹ̀, tó fún ìjọba ìbílẹ̀ wa lórúkọ, ṣàn lọ sí gúúsù títí ó fi dà sínú odò Benin, omi tí tọ́ọ̀gì ti ń fa ìdìpọ̀ gẹdú lọ sí Sapele. Ìwé owó oṣù Marine ni mo fẹ́ kọ́kọ́ wá, kí n lè fi orúkọ inú rẹ̀ wé orúkọ ìdílé tí àwọn àgbà Ìdóàní, Ìfọ̀n àti Ọ̀wọ̀ máa ń sọ pé wọ́n ti lọ sí ìsàlẹ̀ odò rí. Ẹni tó bá ní ìwé bàbá rẹ̀ nílé, tàbí fọ́tò tó ti pọ́n, kó jọ̀wọ́ má tíì fi dáná.