Tí kọ̀ǹpútà yín bá ṣì wà lórí Windows 10: bí ẹ ṣe lè kó lọ sórí òmíràn láì pàdánù nǹkan

Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, iléeṣẹ́ Microsoft dáwọ́ àtìlẹyìn ọ̀fẹ́ dúró fún Windows 10, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2015. Kọ̀ǹpútà tó wà lórí rẹ̀ kò kú lọ́jọ́ náà. Ó ṣì ń tàn, ó ṣì ń tẹ̀wé, ó ṣì ń kọrin. Ohun tó dópin ni àtúnṣe oṣooṣù tí wọ́n fi ń dí ihò táwọn oníjìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì lè gbà wọlé. Ẹni tó bá ń fi irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ wọ àkáǹtì báńkì rẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ wá nǹkan ṣe. Microsoft fún àwọn tó bá forúkọ sílẹ̀ ní àfikún ọdún kan, títí di ọjọ́ 13, oṣù Kẹwàá, ọdún 2026.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé Windows 11 ni káwọn kàn gbé sórí laptop tó wà nílẹ̀. Kì í sábà rọrùn bẹ́ẹ̀. Windows 11 ń bèèrè TPM 2.0, ìyẹn ohun kékeré kan tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ààbò nínú kọ̀ǹpútà, ó sì ń bèèrè processor tí kò ti dàgbà jù. Fún Intel, ìran kẹjọ, tó jáde lọ́dún 2017, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ ra tòkunbọ̀ ní Computer Village n'Ìkẹjà tàbí níbòmíì, kó wo nọ́ńbà kó tó wo bí ara rẹ̀ ṣe ń dán. i5-7200U, ìran keje nìyẹn. i5-8250U, ìran kẹjọ ni. Kí oníṣòwò kàn sọ pé "Core i5 ni" kò tó rárá, torí Core i5 ti wà láti ọdún 2009.

Tí owó kò bá sí fún òmíràn, Linux wà. Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1991. Ubuntu àti Linux Mint jẹ́ ẹ̀yà rẹ̀ tó rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì. Ẹ lè tan án láti orí fíláàṣì, kí ẹ fi dánrawò, láì tíì fọwọ́ kan nǹkan kan nínú kọ̀ǹpútà yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi CorelDRAW ṣe káàdì ìgbéyàwó àti ìwé ètò ìsìnkú jẹun, kó rò ó dáadáa, torí kò sí CorelDRAW ti Linux. Ó wà fún Mac.

Fáìlì gan-an ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ kó fọ́tò àti ìwé yín sí ibi méjì, kì í ṣe ẹyọ kan. Tó bá jẹ́ Mac lẹ̀ ń lọ, ẹ mọ̀ pé hard disk tí wọ́n ṣètò sí NTFS lórí Windows, Mac á kà á, àmọ́ kò ní lè kọ nǹkan sórí rẹ̀. exFAT ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ gbọ́. Kí ẹ sì tó ṣètò disk tuntun síbẹ̀, ẹ rántí pé ṣíṣètò rẹ̀ máa pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Ẹ tún kọ pásíwọ́ọ̀dù tí Chrome ti ń bá yín rántí láti ọjọ́ yìí sílẹ̀. Ẹlòmíì kò mọ èyí tó ń lò fún ímeèlì ara rẹ̀ mọ́!

Ẹni tó ń kọ Yorùbá kò ní sọ àmì nù. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú Windows. Ti Linux wà lábẹ́ Nàìjíríà. Lórí Mac, ẹ yan ABC – Extended: Option àti X pa pọ̀, kí ẹ tó tẹ e, o tàbí s, ló ń fi àmì sí ìsàlẹ̀. Ohun tó máa ń pẹ́ kó tó mọ́ọ̀yàn lára lórí Mac ni Command tó gba ipò Ctrl.

Ẹ jẹ́ kí èyí àtijọ́ wà nílé fún bí oṣù kan, torí fáìlì tí èèyàn gbàgbé kì í tètè wá sọ́kàn. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ tà á, ẹ lọ sí Settings, ẹ wá Reset this PC, kí ẹ sì yan Remove everything. Èyí tí kò bá tàn mọ́, ẹ ní kí oníṣẹ́ tú hard disk rẹ̀ kó tó jáde nílé.