Òkun Kọ́ Ló Gbé Àgbọn Wá

Ìtàn kan wà tí ó ti di ti gbogbo ayé ní etí òkun Àgbádárìgì. Wọ́n ní òkun ló gbé àgbọn wá. Wọ́n ní èso náà léfòó láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, ìgbì jù ú sórí iyanrìn, ó hù, ó so, àwọn baba ńlá bá a níbẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Ìtàn náà dùn létí, ó sì rọrùn láti sọ fún àlejò. Àmọ́ kì í ṣe òótọ́, irọ́ inú rẹ̀ sì ń pa àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ lára.

Ẹ jẹ́ ká ti Aradagun bẹ̀rẹ̀. Aradagun kò sí létí òkun. Títì márosẹ̀ tó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì ló gba ibẹ̀ kọjá. Kí èèyàn tó kan òkun, yóò kọ́kọ́ dé ọ̀sà, yóò wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá, yóò tún fẹsẹ̀ rin iyanrìn òdìkejì. Síbẹ̀ àgbọn wà lẹ́yìn ilé àti nínú oko ní Aradagun, ó sì wà ní ọ̀nà tó ya láti ibẹ̀ gba Imeke àti Iworo lọ sí Ajido àti Epeme. Ìgbì wo ló fo ọ̀sà kọjá? Ẹ tún wo bí àwọn igi náà ṣe dúró nínú oko: wọ́n tò ní ìlà, àyè tó wà láàárín ọ̀kan sí èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Òkun kì í fi okùn wọn ilẹ̀.

Wọ́n lè ní èyí àkọ́kọ́ nìkan ni òkun gbé wá, pé ọmọ rẹ̀ ni èèyàn wá ń gbìn. Àgbọn lè léfòó lóòótọ́. Wọ́n ti dán an wò: èso tó lo nǹkan bí 110 ọjọ́ lórí omi iyọ̀ ṣì hù. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe tàn ká erékùṣù Òkun Íńdíà àti ti Pàsífíìkì, àwọn atukọ̀ náà sì ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n gúúsù Áfíríkà ló pín Òkun Íńdíà níyà kúrò lára òkun tiwa. Omi ńlá tó ń ṣàn bọ̀ láti ìlà-oòrùn máa ń ṣẹ́rí padà níbẹ̀, ti ìwọ̀-oòrùn tutù nini, ilẹ̀ ibẹ̀ kò sì móoru tó kí àgbọn fìdí múlẹ̀. Kò sí àgbọn ní etí Òkun Àtìláńtíìkì títí atukọ̀ Potogí Vasco da Gama fi yí igun gúúsù Áfíríkà ká dé Íńdíà ní 1498. Ọkọ̀ àwọn Potogí tó ń padà bọ̀ ní 1499 ló kó o dé Cape Verde. Ibẹ̀ ló gbà bọ́ sí etí òkun wa, nígbà tí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún sì fi máa dé nǹkan bí ìdajì, ó ti sọdá sí Puerto Rico àti Bùràsíìlì. Ní 2011, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Bee Gunn, Luc Baudouin àti Kenneth Olsen gbé àyẹ̀wò DNA àgbọn tó lé ní 1,300 jáde. Ìdílé méjì ni wọ́n rí, ọ̀kan ti Pàsífíìkì, ọ̀kan ti Òkun Íńdíà. Ti Òkun Íńdíà ni tiwa.

Èèyàn tún lè wo ojúbọ. Ọ̀pẹ ni igi ilẹ̀ wa: ọ̀pẹ ló ni ikin Ifá, òun ló ni màrìwò, òun ló ni epo. Obì la sì fi ń bi òrìṣà léèrè. Kúbà ni àgbọn ti gba ipò yẹn, nítorí àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ kò rí obì, wọ́n sì fi ègé àgbọn mẹ́rin rọ́pò rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ara ilé láti ìwáṣẹ̀ ni, a kì bá ti ní kí ó ré òkun kí ó tó wọ ojúbọ.

Àwọn mìíràn ní míṣọ́nnárì ló gbé e dé. Míṣọ́nnárì Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù kẹsàn-án 1842. Nígbà yẹn, àgbọn ti lé ní 300 ọdún ní Cape Verde, ọkọ̀ òwò ẹrú sì ti ń ná etí òkun yìí sí Bùràsíìlì fún ìgbà pípẹ́. Àgbọn kò jókòó de Freeman.

Potogí mú un dé bèbè, kò gbìn ín fún ẹnikẹ́ni ní Aradagun. Àwọn Ògù tí a ń pè ní Ẹ̀gùn, àti àwọn tó ń bá wọn gbé, ni wọ́n gbìn ín. Iṣẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Wọ́n á ṣa èso tó gbó lára igi tó ń so dáadáa, wọ́n á mì í létí láti gbọ́ omi inú rẹ̀, wọ́n á tẹ́ ẹ ní ẹ̀gbẹ́ sábẹ́ ibòji, wọ́n á bo ìdajì rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó lè tó oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ó tó yọrí, òmíràn a sì rà. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lọ́ ọ sóko, ewúrẹ́ ń bẹ, iná igbó ń bẹ, kòkòrò oníwo tó ń lu ọkàn igi ń bẹ. Àgbọn gíga a máa lo ọdún mẹ́fà sí méje kí ó tó so. Bí ó bá so tán, iṣẹ́ àwọn obìnrin kù: rírin, fífún, kí wàrà rẹ̀ sùn di ọjọ́ kejì, kí wọ́n ré ojú rẹ̀, kí wọ́n dín in lórí iná títí àdín yóò fi yọ. Ìgò àdín àgbọn kan kì í ṣe ẹ̀bùn òkun.

Ìdí tí mo fi ń jà sí i nìyí. Ẹni tó bá gbà pé òkun ló gbé e wá yóò gbà pé òkun yóò tún gbé òmíràn wá. Èso díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ àgbọn etí òkun wa, nítorí náà ìbátan tímọ́tímọ́ ni gbogbo wọn. Àrùn tó bá pa ọ̀kan lè pa igba. Ní 1932, àrùn kan bẹ́ sílẹ̀ lẹ́bàá Keta ní Gáná: ewé a pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, èso a rẹ̀ dànù, orí igi a jábọ́, ìtì nìkan a ku ìdúró. Irú rẹ̀ ti ṣe Tógò, ó sì ti ṣe ilẹ̀ Ìgbò, níbi tí wọ́n ti fi Awka sọ ọ́ lórúkọ. NIFOR, iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ ti Nàìjíríà, ní ibùdó àgbọn ní Àgbádárìgì, ìjọba Èkó náà ní LASCODA, àjọ tó ń mójú tó àgbọn. Iṣẹ́ wọn kò lè so èso bí àwọn tó ni oko bá rò pé ẹnikẹ́ni kò gbìn ín rí.

Ti ilẹ̀ tún wà níbẹ̀. Ilé ń gba oko lẹ́bàá títì, ẹni tó bá sì fẹ́ ra ilẹ̀ lówó pọ́ọ́kú a máa pe oko àgbọn ní igbó. Ẹ̀yin tí ẹ ń mú àlejò rìn ní Àgbádárìgì, àti ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ yé sọ ìtàn ìgbì yẹn mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń ra ilẹ̀ ní Aradagun, bí ẹ bá bá àgbọn lórí rẹ̀, ẹ béèrè ẹni tó gbìn ín, kí ẹ sì san owó igi rẹ̀ fún un.