Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àti Ìbànújẹ́ Ọkàn Rẹ̀

Bí a bá ń pìtàn Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, ohun tí a sábà máa ń ròyìn ni ìtumọ̀ Bíbélì, ìwé gírámà rẹ̀, àti oyè bíṣọ́ọ̀bù tí ó jẹ ní ọdún 1864. Ohun tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò ni bí ó ti ń ṣe pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ níwájú àwọn tí ó ń darí. Àwọn àgbà ní kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí ni ẹnu ń sọ. Mo gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn Crowther mú mi bi ara mi léèrè pé: èwo ni olórí lè sọ, ta ni ó sì yẹ kí ó sọ ọ́ fún?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọkùnrin yìí kò mọ ẹkún. Ní ọdún 1837, nígbà tí ó wà ní Sàró, ó kọ lẹ́tà gígùn kan sí akọ̀wé Ẹgbẹ́ C.M.S. Nínú rẹ̀ ni ó ti ròyìn bí ogun ṣe kó ìlú Ọ̀ṣoògùn ní 1821, bí wọ́n ti fi òun ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin, àti bí ìbẹ̀rù àwọn Pọtogí ṣe mú òun gbèrò àtipa ara òun, tí àyà òun kò sì gbà á. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, ó tún fojú kan Àfàlà ìyá rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn méjèèjì di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn láìlè fọhùn, omijé sì ń ṣàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá náà. Ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní London ni ó ń kọ ìròyìn wọ̀nyí sí. Ó rọrùn láti sọ ẹ̀dùn ọkàn fún ọ̀gá ju fún ọmọ abẹ́ ẹni lọ: ọ̀gá lè káàánú ẹni, ṣùgbọ́n ọkàn ọmọ abẹ́ ẹni lè rẹ̀wẹ̀sì.

Láti 1857 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwàásù lẹ́bàá Odò Ọya. Ọmọ Sàró ni púpọ̀ nínú àwọn tí ń bá a ṣiṣẹ́, wọ́n sì jìnnà sí ilé. Ní 1867, olóyè kan tí ń jẹ́ Abokko mú Bíṣọ́ọ̀bù nítòsí Ìdá, ó ń béèrè owó ìràpadà; níbi tí wọ́n ti ń gbà á sílẹ̀ ni ọfà ti pa Fell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́kọ́ja. Síbẹ̀, Crowther padà sẹ́nu iṣẹ́.

Èyí tí ó dùn mí jù ni ti oṣù kẹjọ ọdún 1890, ní Onitsha. Àwọn míṣọ́nnárì ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé ti kó ẹ̀sùn jọ sórí àwọn òṣìṣẹ́ adúláwọ̀. Crowther, ẹni tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wà níbi ìpàdé Ìgbìmọ̀ Ìnáwó náà. F. N. Eden, akọ̀wé, sọ lójú rẹ̀ pé òun ní agbára láti dá àlùfáà dúró lẹ́nu iṣẹ́. Lára àwọn tí ó dá dúró ni Dandeson, ọmọ bíbí inú Bíṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀. Kí ni bàbá náà ṣe? Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ ìpàdé pé ó ya Bíṣọ́ọ̀bù Crowther lẹ́nu láti gbọ́ pé akọ̀wé ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ìyanu nìkan! (Ẹni tí ó bá ti ṣe akọ̀wé ìpàdé rí mọ̀ bí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ti í tutù nínú ìwé, bí ó tilẹ̀ gbóná lẹ́nu.)

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò yin sùúrù yìí gẹ́gẹ́ bí ìwà ọmọlúàbí, èmi náà sì yìn ín dé àyè kan. Bí ó bá bínú ní gbangba, wọn ì bá wí pé adúláwọ̀ kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu. Ṣùgbọ́n ẹ ro ti àwọn òṣìṣẹ́ tí a lé. Wọ́n mọ ohun tí ó dé bá wọn. Kí ni yóò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ó dun olórí wọn pẹ̀lú? Ọwọ́ wọn kò lè tètè tẹ àkọsílẹ̀ ìpàdé. Kò pọndandan kí ó sunkún níwájú wọn. Gbólóhùn kan láti ẹnu rẹ̀, pé ọ̀ràn náà ká òun lára, ni mo rò pé ó jẹ wọ́n.

Ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1891 ni Crowther kú ní Èkó. Ní 1892, Dandeson àti àwọn ìjọ ẹsẹ̀ odò kéde ní gbangba pé àwọn kò sí lábẹ́ àkóso C.M.S. mọ́, wọ́n sì dá Niger Delta Pastorate sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò kúrò nínú Ìjọ Áńgílíkà.