Àmì Odù lójú Ọpọ́n Ifá

Àmì Odù ni ilà tí babaláwo ń fi ìka tẹ̀ sínú ìyẹ̀rosùn lójú ọpọ́n. Ikin 16 ni a fi ń wá a. Bí a bá gbá ikin, tí méjì ṣẹ́ kù sọ́wọ́, ilà kan la ó tẹ̀. Bí ẹyọ kan ló kù, méjì la ó tẹ̀. Ìgbà mẹ́jọ la ó tẹ̀ ẹ́, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì.

Ilà kan ṣoṣo kò sọ nǹkan kan. Ipò rẹ̀ láàárín àwọn yòókù ló ń fún un ní ìtumọ̀. Ilà kan-kan lọ́nà mẹ́rin ni Ogbè. Méjì-méjì lọ́nà mẹ́rin ni Ọ̀yẹ̀kú.

Ọ̀tún la kọ́kọ́ ń kà. Bí Ogbè bá wà lọ́tùn-ún, tí Ọ̀yẹ̀kú wà lósì, Ogbè Ọ̀yẹ̀kú nìyẹn. Ẹni tó bá ka òsì ṣáájú yóò pè é ní Ọ̀yẹ̀kú Ogbè, Odù mìíràn pátápátá nínú 256, yóò sì gbé ẹbọ ẹlòmíràn lé aláìsàn lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí ọmọ awo fi gbọ́dọ̀ mọ àmì dájú kó tó máa kọ́ ẹsẹ Ifá.