Òkè Marilyn Nínú Òṣùpá

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1968, bí ọkọ̀ Apollo 8 ti ń yí òṣùpá po, James Lovell rí òkè onígun mẹ́ta kan létí Òkun Ìdákẹ́rọ́rọ́. Ilé rẹ̀ nítòsí Houston ló wò: ó fi orúkọ aya rẹ̀, Marilyn, pe òkè náà.

Ní 1969, Apollo 10 àti Apollo 11 fi Òkè Marilyn ṣe àmì ọ̀nà sí ibi ìbalẹ̀. Síbẹ̀, Àjọ Onímọ̀ Ìràwọ̀ Lágbàáyé kò fọwọ́ sí orúkọ náà títí di 2017.

Ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé ìwé àjọ nìkan ṣáájú ìgbà yẹn kò ní rí orúkọ tí àwọn awakọ̀ fi tọ́nà. Orúkọ a máa pẹ́ lẹ́nu kí ó tó dé inú ìwé.