Adelé Tí Kò Jọba: Ìtàn Robert Harvey

 Lónìí, bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ sọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ èdè kan ló gbé mi débẹ̀.

Nígbà tí mo lọ kí ọmọ mi ní Melbourne, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, ó mú mi jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n kí n wo bọ́ọ̀lù tiwọn. Mo kọ́kọ́ rò pé ìjà ni. Eléré 18 ló wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Bọ́ọ̀lù wọn rí bí ẹyin, pápá wọn náà rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbá a, wọ́n ń fi ọwọ́ hán an, wọ́n ń fi ẹ̀ṣẹ́ gbá a sí ara wọn. Òpó mẹ́rin ló wà ní ìkángun pápá méjèèjì: bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá fi ẹsẹ̀ gbá kọjá láàárín méjì tó ga jù, àmì 6 ni, èyí tó bá yà sí ẹ̀gbẹ́, àmì 1 péré. Ìlú Melbourne yẹn náà ni wọ́n ti kọ òfin eré yìí sílẹ̀ ní 1859.

Ẹgbẹ́ St Kilda ni ọmọ mi ń tì lẹ́yìn. Mo bi í pé ìgbà wo ni wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ kẹ́yìn. Ó ní 1966. Àmì 1 ni wọ́n fi borí Collingwood lọ́dún náà, kò sì sí ife mìíràn lọ́wọ́ wọn láti ìgbà tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Mo wá ní, "Kí ló dé tí o kò wá ẹgbẹ́ mìíràn?" Orúkọ Robert Harvey ló fi dá mi lóhùn.

Ní 1988 ni Harvey bẹ̀rẹ̀ sí gbá bọ́ọ̀lù fún St Kilda. Kò fi ibẹ̀ sílẹ̀ títí ó fi bọ́ bàtà ní 2008. Ó wọ aṣọ nọ́ńbà 35 nínú ìdíje 383. Nígbà tó fi máa fẹ̀yìn tì, ènìyàn méjì péré ló ní ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìtàn líìgì náà. Àárín pápá ni ibi iṣẹ́ rẹ̀, níbi tí eré sísá ti ń pọ̀ jù.

Àmì-ẹ̀yẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní Brownlow, tí wọ́n ti ń fúnni láti 1924. Lẹ́yìn ìdíje kọ̀ọ̀kan, àwọn rẹfirí á fún eléré mẹ́ta ní ìbò 3, 2 àti 1. Ohun tó wú mi lórí, èmi onímọ̀ èdè, ni pé nínú orúkọ tí òfin fún ẹni tó bá gbà á, ìwà ló ṣíwájú, ọgbọ́n eré ló tẹ̀lé e. Ẹni tí wọ́n bá fún ní ìjìyà lílé kúrò lórí pápá ní sáà yẹn kò lè gbà á, bó ti wù kí ìbò rẹ̀ pọ̀ tó. Yorùbá kúkú ti sọ pé ìwà lẹwà. Ní 1997, Chris Grant ní ìbò 27, Harvey ní 26. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fìyà jẹ Grant lọ́dún náà, ni àmì-ẹ̀yẹ bá bọ́ sọ́wọ́ Harvey. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, Adelaide na St Kilda ní àṣekágbá, 125 sí 94. Àwọn kan á máa sọ pé oríire lásán ni. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Harvey kó ìbò 32, ó sì tún gbà á. Kò sí ẹni tó jiyàn mọ́.

Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, ó di igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé iṣẹ́ yìí. Akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà ni oníròyìn máa ń bi léèrè ọ̀rọ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn mìíràn wà, ẹnì kan fún àwọn ẹlẹ́yìn, ẹnì kan fún àwọn àárín, ẹnì kan fún àwọn iwájú. Àwọn ló ń jókòó ti ọmọ kan ṣoṣo, tí wọ́n á máa fi fídíò hàn án pé, "Wo ibi tí o dúró sí." Collingwood ni Harvey ti ṣe é pẹ́ jù. Ní 2018 wọ́n dé àṣekágbá, West Coast fi àmì 5 borí wọn.

Ní oṣù Kẹfà 2021, Nathan Buckley fi ipò akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà sílẹ̀. Wọ́n ní kí Harvey máa bá wọn mójú tó o títí sáà yóò fi parí. Ẹgbẹ́ náà ṣe ipò 17 nínú 18. Craig McRae ni wọ́n gbé ipò fún. Ní 2023, Collingwood gba ife, wọ́n fi àmì 4 ju Brisbane. Pendlebury àti Sidebottom, tí Harvey bá ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wà lórí pápá. Harvey ti padà sí St Kilda nígbà náà, ó tún ń ṣe igbákejì.

Ọ̀rọ̀ tó wá sí mi lọ́kàn ni adelé. Ẹ tú u wò: a, de, ilé, ẹni tó ń dúró de ilé kí ilé má baà ṣófo. Ní Àkúrẹ́, bí ọba bá wàjà, ọmọbìnrin ọba ló ń ṣe adelé títí ọba tuntun yóò fi gorí oyè. Bí a bá wá ń ka orúkọ àwọn ọba, a kì í sábà dárúkọ rẹ̀.

Èmi náà ti ṣe adelé olórí ẹ̀ka rí. Nígbà tí wọ́n yan ẹlòmíràn, mo kó ìwé mi padà sí yàrá mi. Orúkọ mi kò sí lára pátákó tí wọ́n kọ orúkọ àwọn olórí sí, ó sì dùn mí fún ìgbà pípẹ́. N kò ní purọ́ fún yín. Ìtàn ọkùnrin yìí ló jẹ́ kí n bi ara mi pé, ta ló ń kọ́ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ní ọdún náà? Èmi ni. Ẹ̀yin yẹn, ẹ ti di olórí níbi púpọ̀ báyìí.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó pa ojú ìwé yìí dé, ẹ rántí adelé kan nínú ayé yín. Bó bá ṣì wà láàyè, ẹ pè é lórí fóònù lónìí. Ó dìgbà kan ná.