Ìwé Ojoojúmọ́ Tí Ọmọ Náà Kò Kọ: Ìtàn Àtijọ́ àti Ohùn Ọmọdé Nínú Ìwé Àròsọ

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú bébà yìí bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé àlòkù kan tí mo rà lọ́wọ́ àwọn tí ń pàtẹ ìwé sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní Dùgbẹ̀. Orúkọ òǹkọ̀wé kò sí lára èèpo ìwé náà. Okùn aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàárín rẹ̀ tí a lè fi sàmì sí ibi tí a kà á dé, déètì sì wà lókè ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń rí nínú ìwé tí ènìyàn ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojúmọ́ rẹ̀ sí, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní dáyárì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ọdún 11, kà á tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí ó parí rẹ̀, ó bi mí pé, “Àǹtí, níbo ni wọ́n sin Clotee sí?” N kò rí èsì fún un lójú ẹsẹ̀, nítorí pé a kò bí Clotee rí.

Ìwé náà ni A Picture of Freedom, èyí tí Patricia McKissack, obìnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, kọ ní 1997. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú ọ̀wọ́ ìwé Dear America tí ilé-iṣẹ́ Scholastic bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ jáde ní 1996 fún àwọn ọ̀dọ́. Clotee jẹ́ ọmọ ẹrú ní Virginia ní 1859. Òun ni ó máa ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ọmọ olówó rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ ọ níwèé, ibẹ̀ ni òun náà ti jí ìwé kọ́. Ìtàn náà dùn, ìwádìí tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò sì mẹ́hẹ. Ṣùgbọ́n ní ìparí ìwé, a sọ fún òǹkàwé ohun tí Clotee ṣe nígbà tí ó dàgbà, pẹ̀lú ohùn kan náà tí a fi ròyìn òwò ẹrú àti ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà. Ibí yìí ni ẹsẹ̀ ọmọ náà ti yọ̀.

Ẹni tí ó bá ń gbọ́ ìtàn ìjàpá mọ̀ pé ààlọ́ ni òun ń gbọ́. “Ààlọ́ o!” ti là á yé e kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì ti dáhùn pé “Ààlọ̀!” Déètì kò ní irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú. Ẹ̀rí ni déètì ń jẹ́.

Ewu tí ó wà níbẹ̀ hàn gbangba ní 1999, nígbà tí ọ̀wọ́ ìwé yìí kan náà gbé My Heart Is on the Ground jáde, èyí tí Ann Rinaldi kọ. Ọmọbìnrin Sioux ni a fi ṣe olùkọ ìwé ojoojúmọ́ náà, ní ilé-ìwé Carlisle ní Pennsylvania, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1879 láti sọ ọmọ àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà di òyìnbó. Òǹkọ̀wé náà mú orúkọ àwọn ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ kan láti ara òkúta sàréè àwọn ọmọ tí ó kú sí ilé-ìwé náà. Àwọn onílẹ̀ tí wọ́n jẹ́ olùkọ́ àti olùtọ́jú ìwé, tí Debbie Reese wà lára wọn, kọ ọ̀rọ̀ gígùn láti fi tako ìwé yìí. Nínú ohun tí ó mú kí àríwísí wọn lágbára ni ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn yòówù yẹ kí ó kọ́kọ́ béèrè: báwo ni ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì yóò ṣe máa fi èdè náà tú àṣírí ọkàn rẹ̀ jáde, lábẹ́ òrùlé àwọn tí wọ́n gba èdè abínibí lẹ́nu rẹ̀?

Kí á má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè nìkan ni èyí. Láti 1929 di 1930 ni I. B. Thomas, olóòtú Akéde Èkó, ń tẹ àwọn lẹ́tà obìnrin kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn náà. Obìnrin náà ti fi ìgbà èwe rẹ̀ ṣe fàájì, àìsàn ti dá a gúnlẹ̀, ó wá ń jẹ́wọ́. Thomas fúnra rẹ̀ ni ó kọ gbogbo rẹ̀. Nítorí pé àwọn àdúgbò Èkó tí àwọn ènìyàn mọ̀ ni ó ń dárúkọ, tí ó sì ń fi orúkọ àwọn ọkùnrin pamọ́ bí ẹni tí ń dáàbò bò wọ́n, àwọn òǹkàwé kan gbà á gbọ́, àánú rẹ̀ sì ṣe wọ́n. Ní 1930 ni ó di ìwé. Òun ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí àkọ́kọ́ nínú ìtàn-àròsọ ọlọ́rọ̀ geere Yorùbá, Karin Barber sì tún un tẹ̀ pẹ̀lú àlàyé kíkún ní 2012. Ìwé ọmọdé kọ́ ni, àgbàlagbà ni ó sì tàn jẹ. Bí àgbà Èkó tí ń ra ìwé ìròyìn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bá lè ṣì í mú, kí ni a ó ti wí nípa ọmọ ọdún 11?

Ẹ jẹ́ kí á mú un wá sí Ìbàdàn wàyí. Bí ẹnì kan bá fẹ́ kọ irú ìwé yìí fún àwọn ọmọ wa, ẹni tí ọkàn rẹ̀ yóò kọ́kọ́ lọ bá ni Yéjídé, ọmọ Olóyè Olúnlọ́yọ̀ọ́, ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé-ìwé gíga àwọn ọmọbìnrin ní Mọ́lété. Ní 1853 ni David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ dé sí ìlú yìí. Yéjídé àti Akínyẹlé arákùnrin rẹ̀ sì wà lára àwọn ọmọ tí a kọ́kọ́ fà lé wọn lọ́wọ́ ní Kúdẹtì. Gbogbo ohun tí aláròsọ ń wá ni ó wà níbẹ̀: ọmọ ìjòyè nínú ilé àlejò, ìwé kíkọ́, lẹ́yìn náà Ogun Ìjàyè tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, tí ọ̀nà dí, tí oúnjẹ sì wọ́n nínú ilé náà.

Ṣùgbọ́n ta ni ó kọ ohun tí a mọ̀ nípa ọmọ yìí? Anna Hinderer ni. Ó kú ní 1870. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kó àwọn lẹ́tà àti ìwé ojoojúmọ́ rẹ̀ jọ, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní 1872 pẹ̀lú àkọlé Seventeen Years in the Yoruba Country. Nínú ìwé náà, ojú ìyá òyìnbó tí ó fẹ́ràn àwọn ọmọ ni a fi ń wo Yéjídé. Ìfẹ́ náà kì í ṣe ẹ̀tàn, síbẹ̀ ojú ẹlòmíràn ni. Ohun tí Yéjídé ń rò nígbà tí ó bá ku òun nìkan lórí ẹní, kò sí ẹni tí ó kọ ọ́. Bí a bá wá fi “èmi” sí i lẹ́nu, tí a kọ déètì lé e lórí, ọ̀rọ̀ Anna ni a ó kàn yí padà tí a ó pè é ní ti ọmọ náà. Àwọn ọmọ bíbí ilẹ̀ yìí tí wọ́n kọ ìwé ojoojúmọ́ nítòótọ́, bí Daniel Olúbí, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́ fún ìjọ C.M.S. Àgbàlagbà ni wọ́n, iṣẹ́ ni wọ́n sì ń jẹ́.

Ti Crowther pàápàá rí bẹ́ẹ̀. Kò tíì ju ọmọ ọdún 15 lọ nígbà tí a kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, ṣùgbọ́n ní 1837 ni ó tó kọ ìròyìn rẹ̀ nínú lẹ́tà sí ìjọ. Síbẹ̀, nínú ìròyìn àgbà yẹn, ohun kan wà tí n kò rò pé aláròsọ kankan lè dá sílẹ̀: pé a fi òun ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin kan, pé lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì ẹṣin náà kò tẹ́ wọn lọ́rùn, a sì dá òun padà, nítorí ẹṣin yẹn ni ó fi tún fojú kan ìyá rẹ̀.

A kò sọ pé kí á má ṣe kọ ìtàn àtijọ́ fún ọmọdé ní ohùn ọmọdé. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ojú rírán hàn lára aṣọ, àwọn tiwa sì ti fi ọ̀nà kan hàn. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà gbé jáde ní 1938, Àkàrà-Ògùn ni ó rìn, tí ó rí. Ẹlòmíràn ni ó jókòó kọ ọ́ sílẹ̀, òǹkàwé sì ń rí àwọn méjèèjì. Bákan náà, Isaac Délànọ̀ jẹ́ kí obìnrin kan fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bí òyìnbó ṣe dé nínú Aiyé d’Aiyé Òyìnbó (1955), láìfi déètì dẹ okùn fún ẹnikẹ́ni. Nínú ìlú tí ọ̀pọ̀ àwọn òbí wa àgbà ti sanwó fún akọ̀wé kí ó bá wọn kọ lẹ́tà, ta ni kò mọ̀ pé ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ lè yàtọ̀ sí ẹni tí ó mú kálàmù dání? Yéjídé tí ó ti dàgbà, tí ó ń ròyìn fún ọmọ-ọmọ tí ń kọ ọ́ sílẹ̀, tí ọmọ náà sì ń dá a dúró pé, “Màmá, ṣé ó dá yín lójú?”, kò ní í tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Mo padà sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé Clotee kò sí rí. Ó kọ́kọ́ bínú, ó ní èmi ni mo ń purọ́. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ta ni ó wá kọ ọ́?” A jọ ṣí ìwé náà dé ẹ̀yìn, a sì rí orúkọ McKissack níbẹ̀.